Ìkíni Gba Ojú Ewé Tán

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹni tó ń wúkọ́ wú u tán. Ìtàn tí mo gbé wá kò gùn. Ó ti rẹ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, ẹ má jẹ́ kó rẹ ẹ̀yin náà.

Télọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Farabalẹ̀, nítorí ohun tó máa ń sọ fún oníbàárà tó bá ń kánjú nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló pọ̀n ọ́n dàgbà, ìlú mìíràn ni ìyá náà sì ń gbé. Etí ẹ̀gbọ́n yìí ti di láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí náà kò sí ohun tí ìpè lè ṣe, àfi àtẹ̀jíṣẹ́. Ó ti ní òun ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, télọ̀ ti kó kúrò nílé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnu ilẹ̀kùn títì ni ìyá yóò dúró sí pẹ̀lú ẹrù, kò sì ní gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni bá wí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, télọ̀ nu òróró ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́, ó gbé fóònù. Ta ni yóò sọ "Mo ti kó" gbàù bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó pọ̀n ọ́n? Ó kí i kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó kí i kú ìmúra ìrìn àjò, ó kí i kú òtútù. Ó béèrè orúnkún, ó béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó ń yọ eyín. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ibi tó kó lọ.

Fóònù dáhùn: ojú ewé kìíní àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti lọ, owó kò tó fún èkejì.

"Owó tí mo fi sí i láàárọ̀ yìí dà?"

Onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ gba fóònù wò. "Bàbá, iléeṣẹ́ fóònù ti yọ owó ẹ̀fẹ̀."

"Ẹ̀fẹ̀ wo?"

"Èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín lárààárọ̀."

"Háà! Mo rò pé ẹnì kan ló ń bá mi ṣeré. Kò tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín rí!"

"Àwọn lẹ̀ ń pa lẹ́rìn-ín. Ká ní tèmi kò sí lọ́dọ̀ atúnfóònùṣe, ẹ̀ bá lò ó."

Télọ̀ ra káàdì mìíràn, ó tún fi í ránṣẹ́. Owó lọ, ọ̀rọ̀ kò lọ. Ó pe iléeṣẹ́ fóònù. Wọ́n ní kó tẹ ení, kó tẹ èjì, wọ́n kọrin fún un títí etí rẹ̀ fi gbóná, ọmọbìnrin kan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gé ìpè náà. Télọ̀ sọ fóònù sórí tábìlì bí ẹni sọ ẹrù.

Ní Àbámẹ́ta, ó fi aṣọ oníbàárà méjì sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé àtijọ́. Oòrùn bá a níbẹ̀, oòrùn kọjá lórí rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tán nígbà tí ẹ̀gbọ́n yọ pẹ̀lú báàgì méjì.

"Mo rí iṣẹ́ tí o rán!" Bí adití ṣe ń sọ̀rọ̀ ló sọ ọ́, gbogbo òpópónà gbọ́. "Bí ìkíni bá pọ̀ jù, ẹ̀bẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ní ojú ń ti ọmọ yìí láti yáwó. Gbà!" Ó na owó wíwé sí i.

Télọ̀ mi orí, ó nawọ́ sí àgádágodo ẹnu ilẹ̀kùn, ó fi ìka méjì rìn nínú afẹ́fẹ́. Ìyá wò ó, ó wo ilẹ̀kùn, ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí báàgì.

"Ọ̀rọ̀ ni kí o máa kọ́kọ́ kọ! Tí a bá fojú kanjú, kí o wá kí mi."

Ìgbà náà ni fóònù gbọ̀n nínú báàgì. Ìyá fà á yọ, ó sún un mọ́jú.

"Àbúrò, wọ́n ní o ti kó lọ sẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé."

Télọ̀ gbé báàgì méjèèjì. Ó ṣáájú.

Onídìrí ló sọ ọ́ fún aya mi níbi tó ti ń dirun fún un, aya mi ló sọ ọ́ fún mi. Ojú ewé ìtàn náà pé, wọn kò sì yọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.