Níbo Ni Etí Odò Wà?

Ìyá Òfin ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé ó ti darúgbó, kò ju ogójì ọdún lọ, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá gbé ife tíì lé orí tábìlì rẹ̀, á béèrè òfin tó fún onítọ̀hún láyè. Ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́lé tà ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ń ka òfin àyíká, òun ló ń kọ ìwé pé ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ ò ní pa omi àti ilẹ̀ lára, tí omi àti ilẹ̀ náà ò sì ní pa ilé lára, òun náà ló ń fọwọ́ sí i.

Odò ńlá kan ló pààlà orílẹ̀-èdè wọn. Orílẹ̀-èdè mìíràn ló wà ní òdìkejì, pẹ̀lú ìjọba tirẹ̀ àti òfin tirẹ̀. Èdè kan náà ni wọ́n sì ń sọ níhìn-ín lọ́hùn-ún, èdè náà ni wọ́n fi kọ òfin wọn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wọlé, nítorí ta ló ń fura sí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́?

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, tó ti ń kọ́lé tà lọ́hùn-ún tẹ́lẹ̀, ní kó fi òfin méjèèjì wéra, kí òun lè mọ bí òun á ṣe kọ́lé síhìn-ín. Ó fa ìlà sí àárín ìwé. Lọ́hùn-ún, kí wọ́n tó gbẹ́ ìpilẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà fún òjò ọdún méjì gbáko, wọ́n á sì pe àwọn ará àdúgbò kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Níhìn-ín, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti tó, ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n sì fi ń pe ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí bó ṣe yẹ kí ilé jìnnà sódò tó, inú rẹ̀ dùn. Òfin ti ọ̀hún ní ọgbọ̀n mítà sí etí odò. Òfin ti ibí náà ní ọgbọ̀n mítà sí etí odò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Lórí èyí, òfin méjèèjì dọ́gba." Ó fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá ní bó bá ti dọ́gba, kò sí ìdí láti tún ya pùláànù mìíràn. Ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́hùn-ún, tó jókòó pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀ láìní òpó kankan lábẹ́, òun náà ni wọ́n kọ́ síbí. Ogójì ilé ni. Àbúrò Ìyá Òfin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó ní láyé, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún mú ìwé òfin ti òdìkejì, torí Ọ̀gá tún fẹ́ kọ́ ogójì ilé mìíràn. Ojú ìwé méjì lẹ́yìn pátápátá ti lẹ̀ mọ́ra, tíì ló dà sí i, tíì tirẹ̀ náà sì ni. Ó fi èékánná ya wọ́n. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. "Etí odò ni ibi tí omi dé nígbà tó kún jù lọ láàárín àádọ́ta ọdún."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó fa ìwé òfin ti ibí yọ, ó tú u láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò sí ìtumọ̀ etí odò kankan níbẹ̀.  Ó pe awọnlẹ̀, bàbá àgbà tó bá wọn wọn ilẹ̀ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, oṣù wo lẹ wọn ilẹ̀ etí odò yẹn?"

"Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Mo rántí, torí bàtà mi ò tutù rárá."

"Ibo lẹ wá mú bí etí odò?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ibi tí omi wà lọ́jọ́ náà kẹ̀. Àbí odò ní etí mìíràn ni?"

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Pùláànù tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ tí omi ò lè dé ni wọ́n ti gbé wá sórí ilẹ̀ tí omi mọ̀ dunjú, ọ̀rọ̀ méjì péré ló sì gbé e wá.

Ó wọlé tọ Ọ̀gá lọ, ó ṣàlàyé. Ó rò pé ọkùnrin náà á fò dìde. Ọ̀gá ò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára bíró tó fi ń kọ̀wé.

"Òfin ibo la fi kọ́lé?"

"Ti ibí ni sà."

"Ṣé a rú u?"

"A ò rú u sà. Ṣùgbọ́n omi..."

"Omi ò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́." Ó wá gbójú sókè, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ìyá Òfin, ọwọ́ ta ló wà nínú ìwé náà? Wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á tún tì ọ́ mọ́lé. Mú àbúrò rẹ kúrò níbẹ̀. Ilé kan ṣófo lórí òkè, màá fún un. Kí o sì panu mọ́."

Ohun tó bà á lẹ́rù jù ni pé ara tù ú nígbà tó gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé òun ti ń ronú bí àbúrò òun ṣe máa kẹ́rù, àwọn mọ́kàndínlógójì yòókù ò sì sí lọ́kàn òun rárá. Ojú ara rẹ̀ tì í.

Ní ọ̀sán, ó lọ sí ilé àbúrò rẹ̀. Ojú ọjọ́ ti ṣú. Láti ẹnu ọ̀nà, èèyàn á máa gbọ́ odò, bẹ́ẹ̀ èèyàn kì í gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Àbúrò rẹ̀ jáde pẹ̀lú oyún oṣù méje níwájú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ta ló lé yín?"

"Kó ẹrù rẹ. Ilé kan wà fún ọ lórí òkè."

"Kí ló dé?"

"Ìwọ sáà kó o."

"Mi ò kó nǹkan kan. Torí pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀ la ṣe wọ ibí. Tí ẹ bá fẹ́ kí n jáde, ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún mi."

 Ìyá Òfin yí kúrò, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Igi ńlá kan wà lẹ́bàá ọgbà, àwọn kọ́lékọ́lé ti fi í sílẹ̀ nítorí ibòòji. Ó gun búlọ́ọ̀kù méjì kó tó rí ohun tó ń wá. Ẹrẹ̀ àtijọ́ ti gbẹ mọ́ èèpo igi yí ká, ó dúró lójú ìlà kan gbọnrangandan, níbi tí omi dé nígbà kan rí. Odò ti fọwọ́ síwèé níbẹ̀ kí òun tó fọwọ́ sí tòun. Ìrètí kan ṣì kù, pé bóyá ìpilẹ̀ ilé náà ga jù ú lọ.

Bíríkìlà ni bàbá wọn. Àwọn ọmọ méjèèjì ló ń bá a di rọ́bà omi mú, rọ́bà gígùn tó ń fi inú hàn, tí wọ́n máa ń rọ omi sí láti mọ̀ bóyá ibi méjì dọ́gba, torí bí omi bá ṣe ga tó lẹ́nu kan ló ṣe máa ga tó lẹ́nu kejì. Bàbá máa ń ní èèyàn lè gbè sẹ́yìn ẹni tó wù ú, omi kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Rọ́bà náà ṣì wà nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ Ìyá Òfin.

Ó rọ omi sí i, ó na ẹnu kan gba ojú fèrèsé wọ yàrá tí wọ́n ti tẹ́ ibùsùn ọmọ sí.

"Fi àtàǹpàkò dí i, gbé e mọ́ ògiri bí a ṣe máa ń ṣe. Tí mo bá ní kó o ṣí i, ṣí i. Sọ fún mi tó bá dúró."

Àbúrò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ rò pé mo ti gbàgbé ni?"

Ìyá Òfin gun orí búlọ́ọ̀kù, ó gbé ẹnu tirẹ̀ sójú ìlà ẹrẹ̀, ó fi kẹ́tùlù rọ omi kún un.  "Ṣí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi ń dà."

"Gbé e sókè."

"Mo ti gbé e dé èjìká."

"Gbé e sókè sí i."

"Ó ti kọjá orí mi. Ó ń dà sí mi lára."

"Sókè sí i, jọ̀ọ́."

Ẹ̀rín ti kúrò nínú ohùn àbúrò rẹ̀. "Ọwọ́ mi ti pin, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣì ń dà."

Nígbà tó wọlé, ó bá a níbi tó dúró sí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, omi ti rin irun rẹ̀ àti aṣọ lórí ikùn rẹ̀. Kò sí àlàyé tó kù láti ṣe fún ọmọ bíríkìlà. Ìyá Òfin sọ fún un bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, látorí tíì tó lẹ ìwé pọ̀ dé orí ohun tí Ọ̀gá ní kóun panu mọ́ lé lórí.

Àbúrò rẹ̀ ò bú u. Ó jókòó sétí ibùsùn ọmọ, ó ń wo ògiri níbi tí omi ti ṣàn wálẹ̀.

"Màá lọ," ló wí. "Obìnrin tó wà nílé ẹ̀gbẹ́ wa, ọmọ mẹ́rin ló ní. Ta ló máa bá òun di rọ́bà mú?"

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ìyá Òfin ká rọ́bà náà sí èjìká, ó gba inú ọgbà kọjá. Ó kan ilẹ̀kùn ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin náà. Obìnrin kan ṣí i, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àlejò.

"Ẹ káàsán, mà. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé ilé yín," ni Ìyá Òfin wí.  "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di etí rọ́bà yìí mú."