Àmì Ìsàlẹ̀ Lẹ́tà

Nígbà tí Ìyá kọ́kọ́ kéde pé òun fẹ́ kọ́ ìwé kíkà, ńṣe ni Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ẹnu tèmi ti di ni?" Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá wọ eegun. Láti ọjọ́ náà ló ti panu mọ́. Níbi tó ti ń fọṣọ fún àwọn oníbàárà, orúkọ tí wọ́n ń kọ sí ọrùn aṣọ ló fi ń kọ́ ìwé ní kọ̀rọ̀, tó ń bi àwọn ọmọ oníbàárà bí wọ́n ṣe ń pè é, títí ó fi mọ̀ ọ́n kà, tó sì mọ̀ ọ́n kọ geere.

Ọjọ́ tí lẹ́tà ọmọ wọn obìnrin bá dé láti ilé iṣẹ́ tó wà lọ́nà jíjìn ló fẹ́ fi ya Bàbá lẹ́nu. Lẹ́tà dé lónìí. Bàbá fi awò sójú, ó kà á sókè: "Ara mi le koko bí ọta. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa."

Ìyá yọjú láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé ni: "Bàbá, ẹ̀rọ ti gé ọwọ́ òsì mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí Ìyá mi má gbọ́."

Ìyá padà lọ jókòó bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Bàbá kọ èsì tán, ó na bírò sí i kó fa àmì àgbélébùú tó máa ń fà sísàlẹ̀ dípò orúkọ rẹ̀. Ìyá pẹ́ lórí ìwé náà.

"Ẹ bá mi kà á, Bàbá ọmọ mi."

Bàbá wo ibi tó yẹ kí àgbélébùú wà: "Mò ń bọ̀, ọmọ mi."

Ẹnu tó ti ń ka lẹ́tà láti ọjọ́ yìí kò lè kà á síta.