Mẹ́rìnléláàádọ́ta Nínú Mẹ́rìnléláàádọ́ta

"Ipò kẹtàdínlógójì, mà. Nínú ilé ìwé méjìdínlógójì."

Igbákejì ọ̀gá ló sọ bẹ́ẹ̀, tó sì rọra tẹ́ ìwé ìròyìn náà sórí tábìlì. Màmá Alágogo wò ó títí. Ó ti lé lógún ọdún tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń lu agogo láràárọ̀, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti fún un lórúkọ. Ojú rẹ̀ ti rí tó nínú iṣẹ́ tíṣà, àmọ́ kò rí irú èyí rí: kí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ to èsì ìdánwò gbogbo ọmọ kíláàsì karùn-ún láti òkè dé ilẹ̀, kí wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn, kí aráyé wá máa fi ilé ìwé kan wé èkejì bí ẹni ń ṣa tòmátì lórí àtẹ.

"Ta ló wà lẹ́yìn wa?" ló bi í.

"Èyí tí ìjì ṣí òrùlé ẹ̀ lọ, mà. Abẹ́ igi ni wọ́n ti ṣèdánwò."

"Ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjì nìyẹn."

Igbákejì kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọṣẹ́ ni, ẹ̀rù ló kàn tètè máa ń bà á, tọ̀tẹ̀ yìí kò sì ṣàìnídìí. Iléeṣẹ́ ti ṣòfin pé ilé ìwé tí ọmọ inú rẹ̀ kò bá tó igba, wọn yóò tì í pa, wọn yóò sì pín àwọn ọmọ náà káàkiri. Igba ó lé mẹ́fà ni tiwọn. Bí òbí mẹ́rin, márùn-ún bá bínú kó ọmọ wọn lọ, ó parí nìyẹn.

Ó fa lẹ́tà kan yọ. "Mo ti wá nǹkan ṣe sí i, mà. Ẹni tó bá ní àtúnṣe, iléeṣẹ́ ní kó mú un wá kí aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la tó lù. Àwọn ọmọ mọ́kànlá yìí ló fà wá sílẹ̀. Tá a bá kọ ọ́ pé ara wọn ò yá lọ́jọ́ ìdánwò, wọn ò ní ka tiwọn mọ́ ọn, ipò kẹrìnlá la máa bọ́ sí. Kẹ́ ẹ kàn buwọ́ lù ú ló kù."

"Ara wọn ò yá?"

"Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, mà. Ẹ wo ilé ìwé tó gba ipò kìíní. Ọmọ àádọ́rùn-ún ló wà ní kíláàsì karùn-ún wọn, méjìdínlọ́gọ́ta ló ṣèdánwò. Wọ́n ní ikọ́ ló ń ṣe àwọn tó kù."

"Ikọ́ yẹn mọ̀wé o. Àwọn tí ò mọ ìṣirò nìkan ló mú."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà."

Ó sọ ọ́ lóòótọ́, pé kí wọ́n fi àwọn tí kò wá sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò, agogo ti lù, ọmọ márùn-ún kò tíì dé, gbogbo wọn ni kò mọ̀wé. Ọ̀gá mìíràn ì bá dákẹ́, kó dúpẹ́. Màmá Alágogo bọ́ bàtà ọ́fíìsì, ó ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì, ó sì ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé títí ó fi kó márààrún wá. Ọ̀kan ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tó débẹ̀, ó bá a ṣan èyí tó kù kó lè tètè ṣe tán. Àṣà rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti gba ipò: ẹni tó bá wà nínú rẹ́jísítà ló ń ṣèdánwò.

Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí aránṣọ wọlé, tòun ti ìwé ìròyìn lábíyá. Obìnrin yìí ni alága ẹgbẹ́ òbí, ibi tó bá sì fẹsẹ̀ sí ni àwọn ìyá yòókù ń tọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ló gba máàkì tó ga jù nílé ìwé náà. Àbúrò wà ní kíláàsì kẹta, ìwé kíkà sì ṣì ń bá a jà.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mi ò bá jà wá," ló wí. "Ọmọ mi gba mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, síbẹ̀ ilé ìwé tó gbẹ̀yìn ni wọ́n á máa pè mọ́ ọn."

"Ẹnìkan wà lẹ́yìn wa," Màmá Alágogo dáhùn.

"Ẹ má fi ṣàwàdà, mà. Àwọn méjèèjì ni mò ń kó lọ sí ilé ìwé ipò kìíní lọ́la. Àwọn ìyá tó kù ń bi mí léèrè, mi ò sì lè purọ́ fún wọn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá Alágogo wọ egungun. Òun ló kọ́ ẹ̀gbọ́n yẹn bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsù mú. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ lọmọ," ló wí. "Kí Ọlọ́run jẹ́ kó yẹ wọ́n."

Bí aránṣọ ti jáde, igbákejì ti lẹ́tà náà sún mọ́ ọn. Ká má purọ́, Màmá Alágogo mú bírò. Ó tilẹ̀ ti ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́, torí pé ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ló yọjú. Orúkọ rẹ̀ ló ṣìkẹta nínú lẹ́tà náà.

"Wọ́n ní èsì ti jáde, mà. Mélòó ni mo gbà?"

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

Ẹnu ọmọ náà là sílẹ̀. "Mẹ́sàn-án ni mo gbà nígbà tó kọjá." Ó ronú díẹ̀. "Ṣé iléeṣẹ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀, mà?"

"Wọ́n ti kọ ọ́."

"Wọn ò ní pa á rẹ́?"

Igbákejì wo ilẹ̀.

"Wọn ò ní pa á rẹ́," Màmá Alágogo wí.

Pẹ̀lẹ́ gbàgbé àtidúpẹ́, ó sáré jáde. Wọ́n ń gbọ́ ọ níta tó ń pariwo mọ́kàndínlọ́gbọ̀n fún gbogbo ẹni tó bá pàdé, òun tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè.

Màmá Alágogo dá lẹ́tà padà. "Ẹni tó bá ní ọmọ òun ò sí nílé torí pé àlejò dé, ìgbà wo ló fẹ́ pe ọmọ náà jáde?"

"Ilé ìwé yìí lè lọ mọ́ wa lọ́wọ́, mà."

"Mo mọ̀."

Ó gé èsì náà kúrò nínú ìwé ìròyìn, ó fi bírò pupa yí nọ́ńbà méjì ká níwájú orúkọ ilé ìwé rẹ̀: ọmọ tó wà ní kíláàsì, mẹ́rìnléláàádọ́ta, ọmọ tó ṣèdánwò, mẹ́rìnléláàádọ́ta. Nínú gbogbo ilé ìwé méjìdínlógójì, tiwọn nìkan ni méjèèjì ti dọ́gba. Ó gbé gọ́ọ̀mù, ó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì fúnra rẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó wò ó, orí rẹ̀ sì wú.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá méjì wá gba ìwé ìkúrò ọmọ wọn. Aago méjìlá lù, ó kọjá. Kò pẹ́ sígbà náà ni aránṣọ dé sí géètì, òun àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó dúró, ó ń ka ohun tó wà lára géètì. Màmá Alágogo jáde lọ bá a.

"Wọ́n gba ẹ̀gbọ́n," aránṣọ wí. "Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e jó. Wọ́n wá fún àbúrò níwèé pé kó kà. Ó ń fìka tọ ọ̀rọ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bẹ́ ẹ ṣe kọ́ ọ, kò tíì ka ìlà kìíní tán tí wọ́n fi gbàwé lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní kí n mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gba gbogbo èèyàn." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo ti rí bírò pupa yín, mà. Màá ní káwọn ìyá yòókù wá kà á."

Màmá Alágogo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú àbúrò, tí kò fẹ́ gbójú sókè.

"Ibi tí wọ́n júwe fún yín rèé," ló wí, ó sì di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. "Ìwé yẹn wà lọ́dọ̀ wa. Wá kà á fún mi títí dé ìparí."