Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin Láìsọ̀rọ̀

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ: tí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ àdúrà gbà ní Ìbàfò, èmi Wúràọlá aránṣọ ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi di máìkì àdúrà mú ní ìjọ wa. Tí mo bá pe Jésù lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ létí títì márosẹ̀ á dáhùn àmín. N kì í tijú láti sọ ọ́.

Àfi bí ọ̀fun mi ṣe dédé dì lóṣù kẹta ọdún yìí. Dókítà tan iná sí i, ó mi orí.

"Màmá, egbò ti wà níbẹ̀ o. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pàápàá. Tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, ohùn yín lè má padà bọ̀ sípò mọ́."

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi, abẹ́rẹ́ kì í béèrè ohùn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé láìsí ariwo mi, báwo ni Ọlọ́run ṣe máa mọ̀ pé èmi ni mò ń pè? Wọ́n gbé máìkì fún Ọmọ́táyọ̀, ọmọbìnrin kan tó ń gbàdúrà bí ẹni tó ń tọrọ omi mu. Mo jókòó sẹ́yìn, inú ń bí mi.

Nílé, mò ń jí ní aago márùn-ún, mò ń kúnlẹ̀, n kò sì ní nǹkan kan láti ṣe ju kí n dákẹ́ lọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀sùn àbúrò mi Fàrídà ni mò ń tò sílẹ̀ nínú ọkàn, bí mo ti máa ń ṣe. Ọdún márùn-ún ni mo ti fi bá a yodì. Àgbàdo ni òun àti ìyá wa jọ ń gbé. Mùsùlùmí ni wọ́n. Èmi nìkan ni mo gba Jésù nínú ilé wa. Ọjọ́ tí ìyá wa kú, wọ́n ti sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn ti wí, n kò sì rí ojú ìyá mi. Mo pariwo káàkiri pé Fàrídà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń fi àdúrà nà án láìdárúkọ, ìjọ á sì máa dáhùn àmín.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́ fún Ọlọ́run á gbọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìdínlógún, ìbéèrè kan wọ ọkàn mi jẹ́jẹ́: "Wúràọlá, ta ló pa fóònù rẹ?"

Mo bú sẹ́kún. Èmi ni. Àgọ́ àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan, tí mo ti sọ fún ìyá mi pé mò ń lọ, ni mo wà ní Mowe lọ́jọ́ tí wọ́n kú, mo sì pa fóònù kí ayé má baà dí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo tàn án, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé ìgbà méjìlá ni Fàrídà ti pè mí. Mo pa á rẹ́. N kò sọ fún ẹnì kankan, n kò sọ fún Ọlọ́run náà. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ ju márùn-ún lọ.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo wọkọ̀ dé Bẹ́jà, mo tún wọ òmíràn lọ sí Àgbàdo. Fàrídà ń fọṣọ níwájú ilé. Mo na ìwé sí i. Kò gbà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ọdún márùn-ún lẹ fi ẹnu bà mí jẹ́. Ṣé ìwé lẹ wá fẹ́ fi bẹ̀ mí? Tẹ́ ẹ bá lọ́rọ̀, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́."

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé. Mo rántí dókítà. Mo rántí máìkì. Mo kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ, níwájú àbúrò tí mo fẹ̀yìn pọ̀n, mo la ẹnu, ohùn kan tó há, tí n kò gbọ́ rí, sì jáde.

"Fàrídà, o pè mí. Ìgbà méjìlá. Èmi ni mo pa fóònù. Mo mọ̀, mo sì tún purọ́ mọ́ ẹ. Dárí jì mí."

Ó ju aṣọ sílẹ̀, òun náà kúnlẹ̀ tì mí. "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi." Ẹkún ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ geere. "Kí Màámi tó dákẹ́, mò ń pè yín ṣáá. Àwọn gan-an ló ní kí n fi yín sílẹ̀. Wọ́n ní, 'Má dí i lọ́wọ́. Èmi ló ń gbàdúrà fún.'"

N kò lè dìde. Máìkì nìkan kò tó mi nígbà náà, ipò olórí àdúrà ni mò ń tọrọ ní àgọ́ yẹn. N kò dárúkọ ìyá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Síbẹ̀ ìyá mi fi mí yangàn dójú ikú.

Ohùn mi kò padà bọ̀ sípò. Ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Ọmọ́táyọ̀ ló ni máìkì báyìí, mo sì ń ṣe àmín rẹ̀ tọkàntọkàn. Àwọn kan ń káàánú mi. Kí wọ́n má káàánú mi o! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń pariwo pe Ọlọ́run. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni èmi pẹ̀lú Rẹ̀ tó di ọ̀rẹ́, orí mi sì wú. Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀, mò ń dárúkọ Fàrídà àtàwọn ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà mo máa ń dákẹ́ kí Ó lè sọ tirẹ̀.

Ìyá mi sọ fún Fàrídà lọ́jọ́ náà pé ọmọ àwọn ń gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ti ṣẹ.