Abala Òwú Kan Ṣoṣo

Véronique fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tẹ etí abala náà sókè lára dígí, ó sì di èémí rẹ̀ mú. Bó bá fà ya, ó parí. Kò fà ya. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣí, títí gbogbo rẹ̀ fi bọ́ sí i lọ́wọ́, ó fẹ̀ tó gèlè ọmọdé, ó sì mọ́ gaara débi pé nígbà tó gbé e síwájú ojú, ó ń rí igi ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé láti inú rẹ̀.

"Yéè! Ó ti bọ́ o!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú yàrá. Olùkọ́ kẹ́mísírì ni o, ẹni tí àwọn ọmọ kíláàsì ń rí tí wọ́n ń sá pamọ́!

Òwú lásán ni abala yìí tẹ́lẹ̀, òwú tó tọrọ nílé ìwòsàn. Ó rì í sínú ásíìdì kan tó ń ta imú bí ọtí kíkan, òwú náà yọ́, ó ki bí ògì. Ó fi omi ṣàn án, ó sá a gbẹ, ó wá fi asẹtóònù, omi tí àwọn ọlọ́ge fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, yọ́ ọ, ó sì dà á sórí dígí fèrèsé. Ásíìdì ti lẹ̀ mọ́ òwú lára, ó ti yí ìwà rẹ̀ padà. Òwú tó ń mu omi bí ẹni tó ti oko dé kò fẹ́ gbọ́ orúkọ omi mọ́. Ṣùgbọ́n ìgò ásíìdì ti tán. Òmíràn kò sí ní gbogbo Ìfọ̀nyìn.

Bẹ́ẹ̀ òní gan-an ni aṣojú ìjọba ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́, olú ìlú wọn. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti ti bodè pa, láílọ̀n ti di ohun àwátì ní ọjà Igolo, gàrí tí ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe láti oko wọn ní Tchaada sì ń bu nínú àpò. Séraphin, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ló lọ fọ́nnu níwájú àwọn aṣáájú ìjọba ìyípadà pé olùkọ́ òun ń fi òwú ṣe láílọ̀n. Wọ́n ní àwọn á wá fojú ara àwọn rí i. Bó bá jẹ́ òótọ́, wọn á kọ́ yàrá kẹ́mísírì, ásíìdì á sì máa wá. Bó bá jẹ́ irọ́, wọn á yọ kẹ́mísírì kúrò pátápátá, Véronique á máa kó àwọn ọmọ lọ roko ẹ̀gẹ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni kò ti lè jókòó lójú kan.

Ó tẹ́ abala náà sórí àtẹ. Sẹ̀kínátù, àbúrò ìyá rẹ̀ tó gbà á sílé, yọjú láti ilé ìdáná, ó fín imú.

"Kí ló ń kan báyìí, ọmọ mi?"

"Òórùn ásíìdì ni, Tàǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ewúrẹ́ má dé ibẹ̀. Gàrí ni wọ́n máa dì sí i lójú àlejò lọ́sàn-án."

"Gàrí tí èèyàn á jẹ?"

"Gàrí tí èèyàn á jẹ. Bon, mo ń lọ." Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà níta kó tó dákẹ́.

Nílé ẹ̀kọ́, ó nu tábìlì, ó tún un nù. Ó jókòó, ó dìde, ó lọ wo ojú ọ̀nà, ó padà.

"Màdámù, ẹ jókòó," ni Séraphin wí. "Ẹ ń kó jìnnìjìnnì bá mi."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ẹ sì ń jẹ èékánná yín."

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó sáré lọ sílé lọ mú abala náà. Kò sí lórí àtẹ. Ó yí sí ẹ̀yìnkùlé. Lórí okùn aṣọ, láàárín ìró àti ìborùn Sẹ̀kínátù, nǹkan kan so kọ́ tó funfun báláú, tó rún jọ, tó rọ̀ bí àkísà.

"Tàǹtí! Kí lẹ ṣe sí i?"

Ẹ̀rín wà lẹ́nu ìyá náà. "Mo ti bá ọ wẹ̀ ẹ́. Mo rẹ ẹ́ sínú omi eérú gbígbóná, bí a ti ń ṣe fún igbá titun. Kò rùn mọ́. Gbọ́ òórùn rẹ̀ wò."

Nínú ilé wọn, igbá titun kì í gba oúnjẹ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ mu omi eérú, kí ìkorò rẹ̀ lè jáde. Ìyàwó tó bá dáná láìṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀bùn ni wọn á pè é. Sẹ̀kínátù rí ohun titun, ó gbọ́ pé oúnjẹ ń bọ̀ nínú rẹ̀, ó sì fi tọkàntọkàn ṣe é lóore.

"Ẹ ti ba ayé mi jẹ́!"

Kò tíì gbóhùn sókè sí i rí láyé. Ìyá náà fọwọ́ bo ẹnu. "Gàrí tí èèyàn á jẹ lo ṣáà wí..." Véronique já nǹkan náà lórí okùn, ó sì sáré jáde.

Séraphin wò ó, ó wo eruku mọ́tò tó ti ń bọ̀ lókèèrè. Ó fa àpótí tábìlì, ó sì yọ láílọ̀n titun kan jáde.

"Wọ́n bá mi gbà á kọjá láti Idiroko. Ẹ fi èyí hàn án."

"Ọ̀gá, láílọ̀n ni!"

"Voilà. Láílọ̀n ló ń bọ̀ wá wò."

Ó gbà á. Kí n má purọ́ fún yín, ó gbà á. Ó ki àkísà rẹ̀ sí àpò.

Aṣojú náà wọlé, ọkùnrin títóbi, òógùn bò ó. "Èhúzù!" ló fi kí wọn, ìkíni ìjọba ìyípadà. "Dàndàn!" ni wọ́n dá a lóhùn. Kí Véronique tó lanu, ó ti já láílọ̀n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó rẹ́rìn-ín.

"Kámáráàdì, òwú wa nìyí? Ó dára! Ẹ ṣe ẹgbẹ̀rún méjì fún wa kó tó di ọjọ́ àjọ̀dún."

Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí ẹgbẹ̀rún méjì? Wọn á máa fi òru gba láílọ̀n kọjá bodè títì, kí wọ́n lè fi hàn pé àwọn kò nílò láílọ̀n. Ẹ̀rín fẹ́ pa Véronique, ẹkún náà sì ń bọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwọn yìí kò lè rìn dé ìta.

"Kámáráàdì, ẹ má bínú. Ti Idiroko nìyẹn. Tiwa nìyí."

Ó yọ àkísà náà, ó fi sí i lọ́wọ́, ó sọ bí òwú ṣe mọ́ gaara láàárọ̀, ó sọ ti omi eérú. Ó sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo Séraphin, ó dá àkísà padà.

"Òwú lo mú, òwú náà lo tún kó wá fún mi. Ní ọjọ́ Ajé, oko."

Mọ́tò lọ. Séraphin wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Véronique ń sunkún bọ̀ lójú ọ̀nà, kò sì bò ó. Inú bí i sí aṣojú, inú bí i sí Tàǹtí rẹ̀, ó bí i sí ẹnu ara rẹ̀ jù. Òwú lo mú, òwú náà lo tún kó wá. Ọ̀rọ̀ náà kò fi í sílẹ̀. Létí ààtàn, ó dúró. Àwọn láílọ̀n tí wọ́n ti dà nù kí bodè tó tì ṣì wà níbẹ̀, òjò ti rọ̀ lé wọn lórí, pàǹtírí ti jẹrà yí wọn ká, ṣùgbọ́n àwọn ṣì ń dán. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo ohun tó wà níbẹ̀. Òwú rírọ̀ lásán ni. Eérú ti já ásíìdì kúrò lára rẹ̀. Láílọ̀n kò jẹrà láéláé, ṣùgbọ́n tirẹ̀ lè padà di òwú. Ó tún gbẹ́sẹ̀, nígbà tó máa fi dé ilé, ó ti ń sáré.

Sẹ̀kínátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó kọ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Véronique kúnlẹ̀.

"Tàǹtí, ẹ forí jì mí."

"Ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọn ò gbà á. Oko ni mò ń lọ lọ́jọ́ Ajé."

Ìyá náà bú sẹ́kún. Véronique gbá a mọ́ra, ó dúró títí ó fi dákẹ́.

"Tàǹtí, eérú kí lẹ lò?"

"Eérú háhá ọ̀pẹ. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ó lọ gbé dígí fèrèsé, ó fi ọ̀bẹ ha etí rẹ̀, ibi tí èérún abala náà ṣì lẹ̀ mọ́, èérún tíntìntín tó mọ́ gaara. Ó dà wọ́n sínú omi eérú tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò, ó fẹ́ iná sí i, ó sì jókòó tì í. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Sẹ̀kínátù sún mọ́ ọn, àwọn méjèèjì ń wo inú ìkòkò.

"Kí là ń retí?"

"Kó tún di òwú."