Fíríìjì Tí Wọ́n Wọ̀n Mọ́ Mi Lára

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun rí ìyá arúgbó kan tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fíríìjì, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì nà gbọnrangandan, tí orí ẹ̀ sì wà nínú fírísà, ẹ má pe onítọ̀hún ní onírọ́. Èmi ni. Bàtà mi kan tilẹ̀ ti sá kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó lọ bá àwọn tó ń yẹ ẹ̀rọ ìfọṣọ wò.

Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ. Ẹni tó bá fi ogójì ọdún jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ìdí ẹ̀ á di tìmùtìmù, orúnkún ẹ̀ á sì dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ti ìdí, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí. Ó máa ń wúlò tí àga bá le. Orúnkún ló ń dójú tì mí. Tí mo bá lóṣòó, àtidìde dogun. Tọ̀tún á dún kọ̀ọ́, tòsì á dá a lóhùn, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣẹ́ igi gbígbẹ.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Bí èèyàn bá wà nítòsí tí mo fẹ́ dìde, mo máa ń wúkọ́. Kì í ṣe ìwúkọ́ yẹpẹrẹ o, èyí tó ti ìsàlẹ̀ ikùn bọ̀ ni, tó lè bo ariwo orúnkún méjì mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo ṣe é nílé, mo ṣe é níbi ìpàdé àdúgbò, mo ṣe é fún odidi ọdún méjì, kò sì sẹ́ni tó fura. Ohun kan ṣoṣo tó tìdí ẹ̀ yọ ni pé àkọ́bí mi bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn ìwúkọ́ fún mi. Gbogbo ìgbà tó bá wá kí mi ló máa ń mú ìgò kan dání. Mo máa ń dúpẹ́, mo sì ń tò wọ́n sára ilẹ̀kùn fíríìjì bí ọmọ ilé ìwé tó wà lórí ìlà. Nígbà tí wọ́n pé mẹ́sàn-án, mo ní kí n tọ́ ọ̀kan wò. Ó dùn.

Àkọ́bí mi yìí gan-an ni mò ń fi orúnkún pamọ́ fún. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, ìwà ẹ̀ náà sì nìyẹn. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ló ti sọ fún mi pé ọjọ́ tí òun bá rí i pé ara mi ò gbé ilé dídágbé mọ́, òun á wá kó mi lọ sọ́dọ̀ òun, kò sì ní sí àríyànjiyàn. Ilé ẹ̀ dára. Ó mọ́ débi pé eṣinṣin máa ń nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìdáná Tíṣà, wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ṣíbí. Wọ́n á ní kí n lọ sinmi, wọ́n á tan tẹlifíṣọ̀n fún mi, wọ́n á sì fi mí síbẹ̀ bí ẹrù tí ẹni tó ni ín ò tíì wá gbé. Èmi tí mo ní ilé ìdáná tèmi, tí mo lè di ojú méjèèjì kí n nawọ́ mú iyọ̀. Mi ò fẹ́ lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfi bí fíríìjì mi àtijọ́ ṣe kú. Orí àpótí igi gíga kan ni ọkọ mi gbé e lé nígbà ayé ẹ̀, kí omi má baà ba ìdí ẹ̀ jẹ́, nítorí náà mi ò lóṣòó rí kí n tó mú nǹkan nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ mi gbìmọ̀, wọ́n ní àwọn á kúkú tún gbogbo ilé ìdáná ṣe. Tíṣà ní òun fẹ́ irú fíríìjì tí wọ́n ń kàn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n á fi pákó bò lójú, tí àlejò ò ní mọ èwo ni fíríìjì, èwo ni ibi tí abọ́ wà. Ó ní ilé ìdáná mi há, pé ilẹ̀kùn ti àtijọ́ ń gbá tábìlì lójoojúmọ́. Kò parọ́. Mo ní kò burú, a ó lọ wò ó.

Àwa mẹ́ta la lọ: èmi, Tíṣà, àti káfíńtà tó máa kan kọ́bọ́ọ̀dù náà. Má-Kánjú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó lè fi odidi àárọ̀ wo pákó kan kó tó fi ayùn kàn án, ṣùgbọ́n ohun tó bá kàn kì í mì.

Ìhòòhò ni àwọn fíríìjì náà wà nígbà tá a débẹ̀. Wọn ò ní ojú, wọn ò ní àwọ̀, irin lásán ni wọ́n. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé káfíńtà ló máa wọ aṣọ pákó fún wọn, kí wọ́n lè bá ìyókù kọ́bọ́ọ̀dù mu. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ èmi aránṣọ nínú. Ṣùgbọ́n ojú mi ti bọ́ sórí èyí tí Tíṣà ń lọ bá tààrà, inú mi sì bà jẹ́. Ó ga, ó rẹwà, fíríìjì ló wà lókè, fírísà wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ sí ilẹ̀.

Tíṣà ń fọwọ́ pa ara ilẹ̀kùn ẹ̀, ó ní àyè tó wà níbẹ̀ á gba oògùn dáadáa. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Mo ní iná inú ẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, á fọ́ mi lójú. Ó ní wọ́n lè dín in kù. Mo ní ìkòkò mi ńlá ò ní wọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin tó ń tajà yọ pèpéle kan, àyè náà gba ìkòkò méjì. Mo ní mi ò fẹ́ràn bó ṣe ń kùn. Wọn ò tíì tan án. Tíṣà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bó ṣe máa ń wo ọmọ tó ní ewúrẹ́ ló jẹ ìwé iṣẹ́ òun, ó bi mí pé kí ló dé gan-an. Mo ní kò sí.

Ìgbà yẹn ni Má-Kánjú la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ bá mi ṣí ti ìsàlẹ̀ yẹn, kí ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ mú ẹran níbẹ̀. Mo fẹ́ rí bí ẹ ṣe máa ń dúró.”

Kí ni mo fẹ́ wí? Mo lóṣòó. Ìyẹn kì í ṣe wàhálà, ilẹ̀ ló ń fa èèyàn lọ. Mo ṣí fírísà, mo fa àpótí inú ẹ̀ jáde, mo mú ẹran tí kò sí níbẹ̀. Ó wá ku àtidìde. Mo wúkọ́, mo tiraka, mi ò kúrò lójú kan. Mo tún wúkọ́, èyí tó le jùyẹn lọ. Orúnkún mi ò dá mi lóhùn. Nígbà tí mo fi máa wúkọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ yọ̀, ìdí mi bá ilẹ̀ gbì, orí mi sì wọnú fírísà lọ. Ibẹ̀ ni mo wà tí ẹ̀rín fi gbé mi. Mo ń ro ara mi wò, odindi ìyá àwọn ọmọ márùn-ún, tí wọ́n fẹ́ tọ́jú sínú yìnyín bí ẹja. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Èmi nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi máa yọ orí, Tíṣà ti kúnlẹ̀ tì mí, ó di àyà mi mú.

“Màmá, ibo ló ń dùn yín? Ṣé àyà yín ni?”

“Àyà bí ti báwo? Orúnkún ni.”

“Orúnkún? Ìwúkọ́ yẹn ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ ti kọjá ibi tí mo ti lè bò ó. Mo jẹ́wọ́ fún un nílẹ̀ níbẹ̀, lójú Má-Kánjú àti ọmọbìnrin tó ti gbé omi wá. Mo sọ bí orúnkún ṣe ń dún, bí mo ṣe ń fi ìwúkọ́ bò ó, àti pé ìgò oògùn mẹ́sàn-án tó rà ṣì wà nílé láìlò, àyàfi ọ̀kan tí mo fi ṣe ìpápánu. Mo ń retí pé kó bú mi. Dípò bẹ́ẹ̀, òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó ti lọ̀ dáadáa, ó fi ọwọ́ bojú.

“Ọdún kan rèé tí mi ò sùn dáadáa,” ló wí. “Mo rò pé ẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni.”

Ó ní òun ti bi dókítà méjì léèrè nípa ìwúkọ́ mi lẹ́yìn mi. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti bi èmi fúnra mi, kí ẹ̀rù má baà bà mí. Ó ti ṣètò yàrá kan sílẹ̀ nílé ẹ̀, èyí tí oòrùn ń wọ̀ láàárọ̀, de ọjọ́ tí mi ò bá lè mí dáadáa mọ́. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbá mi léjìká, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú tì mí, mi ò ní purọ́. Mo di ọmọ mi mú, mo sì bẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo rò pé mo gbọ́n.

Ṣùgbọ́n kínní kan ṣì há mi láyà. Àṣírí ti tú, yàrá sì ti wà nílẹ̀. Mo ń dúró de ẹjọ́ tí Tíṣà máa dá.

Má-Kánjú tó ti ń wo fíríìjì yẹn látìgbà tó ti ní kí n ṣí i wá béèrè lọ́wọ́ mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ta ló ní ilẹ̀ la máa gbé e sí. Ó ní fíríìjì tí wọ́n ń kàn mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kì í dúró fúnra ẹ̀, ibi tí káfíńtà bá gbé e kọ́ ló máa wà. Ó tọ́ka sí méjì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fíríìjì kan, fírísà kan. Òun á tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, òun á gbé wọn ga sókè, abẹ́ wọn á sì gba àwọn ìkòkò tí mi ò lò mọ́. Mi ò ní lóṣòó. Ọ̀rọ̀ àpótí igi ọkọ mi ló ń sọ yẹn, àfi pé kò mọ̀.

Wọ́n fà mí dìde, èèyàn mẹ́ta. Má-Kánjú ní òun gbàgbé téèpù òun sílé. Èmi, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì, mo yọ tèmi nínú báàgì. Mo kìlọ̀ fún un pé ínṣì méjì àkọ́kọ́ ti já kúrò lára ẹ̀, kó máa yọ méjì kúrò nínú ohun tó bá kà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n mí: láti ilẹ̀ dé orúnkún, láti ilẹ̀ dé ìgúnpá, ibi tí ọwọ́ mi dé tí mo bá nà án láìdùn mí. Ogójì ọdún ni mo fi wọn èèyàn, kò sẹ́ni tó wọ̀n mí láti ọjọ́ tí mo rán aṣọ ìgbéyàwó mi. Mo ṣàdédé fa ikùn wọnú.

“Ìyá, ẹ mí síta,” Má-Kánjú wí. “Kì í ṣe búláòsì.”

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ó ń wo téèpù. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí káfíńtà, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe iṣẹ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀.

“Ẹ fi irin ìdìmú kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ fún mi, kí Màmá rí nǹkan dì mú. Ilé ara wọn ni wọ́n á máa gbé.”

Ara tù mí débi pé mo tún fẹ́ jókòó sílẹ̀. Tíṣà ní kò tíì tán o, pé ní Ọjọ́ Ajé, òun àti èmi ń lọ rí dókítà nítorí orúnkún náà. Mo ní kí a lọ lọ́la pàápàá. Kí ni mo tún fẹ́ fi pamọ́?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Má-Kánjú fi kàn án. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí, ó wọ aṣọ pákó ẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá mi ní òkè orúnkún, òkè ẹ̀ sì bá mi ní iwájú orí. Tí mo bá ṣí i, mo dúró ṣánṣán bí ọmọge. Dókítà fún mi ní oògùn, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa na ẹsẹ̀ láàárọ̀, ariwo igi gbígbẹ náà sì ti ń dín kù. Mo dá ìgò mẹ́jọ padà fún Tíṣà. Ìkẹsàn-án ti tán.

Sátidé tó kọjá, ó wá kí mi. Mo ń lọ ata lọ́wọ́, ata náà gbé mi lọ́fun, mo wúkọ́ gidi, ìwúkọ́ tí Ọlọ́run dá. Tíṣà sáré wọlé láti ìta. Kò tilẹ̀ wo àyà mi. Orúnkún mi ló tẹjú mọ́.