Òórùn Inú Ṣọ́ọ̀bù Fàdákà

Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń pè é ní Rọra. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ló fi fà á. Bí ọmọ bá ń gun àkàbà, yóò ní rọra. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń sọ omi gbígbóná kalẹ̀, rọra. Kódà bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́ láìṣe nǹkan kan, Rọra yóò kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ àga tó jókòó lé.

"Bàbá wọn," ìyàwó rẹ̀ a máa wí, "lọ́jọ́ tí o bá kú, o máa ní kí àwọn tó gbé ẹ rọra."

Òun náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kì í ju ètè lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló ń bà á lẹ́rù.

Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa yọ fàdákà lára omi tí àwọn ayàwòrán àti àwọn tó ń ya fọ́tò eegun ní ọsibítù ti lò tán. Omi fíkísà ni wọ́n ń pè é. Fíìmù tí wọ́n bá rì sínú rẹ̀ ni yóò fi fàdákà ara rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì da omi náà sí gọ́tà láìmọ ohun tí òun dànù. Rọra àti ìyàwó rẹ̀ a máa fi kẹ́ẹ̀gì kó o wálé. Wọn a dà á sínú dúróòmù ńlá nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé, wọn a po kọ́sítíìkì sódà mọ́ ọn títí yóò fi máa yọ̀ láàárín ìka bí omi ọṣẹ, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá máa da omi imí ọjọ́ lé e díẹ̀díẹ̀. Fàdákà á dúdú, á rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn ni wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n ń yọ́ lórí iná.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń lé oorun kúrò lójú Rọra. Bí omi kíkan bá fi lè kan imí ọjọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ burúkú ni yóò tú jáde, òórùn rẹ̀ a sì dà bí ti ẹyin tó ti jẹrà. Bàbá arúgbó tó kọ́ wọn níṣẹ́ ti fà wọ́n létí: "Bí imú yín bá ń gbọ́ ọ, ẹ sá jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá gbọ́ ọ mọ́, ẹ má rò pé ó ti lọ. Imú yín ló kọ́kọ́ pa. Ẹ̀yin ló kàn." Ìyàwó Rọra gbọ́ ọ, ó sì gbé e jù sẹ́yìn bí àwọn tí kì í bẹ̀rù ṣe ń ṣe. Rọra gbọ́ ọ, kò gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Ní ọ̀sán tí à ń sọ yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ ayàwòrán kan dé ni. Ó to àwọn kẹ́ẹ̀gì tó rù wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sì lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi níwájú ilé kí ó lọ fọwọ́. Èrò rẹ̀ ni pé bí òun bá padà, òun yóò ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òun yóò gbọ́ òórùn wọn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ti ń parí dúróòmù kan. Ọ̀fìnkìn ti dí i nímú látàárọ̀ àná. Obìnrin yìí kì í fẹ́ kí nǹkan ṣòfò; bí kẹ́ẹ̀gì bá ti ṣófo, á fi omi ṣàn án, á sì da ìṣànnù rẹ̀ sínú dúróòmù kí èérún fàdákà má baà bá a lọ. Ó yọjú síta, ó rí kẹ́ẹ̀gì kan tó fúyẹ́ láàárín èyí tí ọkọ rẹ̀ kó dé, omi díẹ̀ ló ń mì nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn òfìfo tirẹ̀ ni. Kì í ṣe fíkísà ló wà níbẹ̀. Omi kíkan tí ayàwòrán fi ń dá iṣẹ́ oògùn lára fíìmù dúró ni, ó sì dà á lé imí ọjọ́ lórí. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí ni Rọra tó to èyí pọ̀.

Ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí òórùn náà dé. Ẹyin jíjẹrà.

"Ìyá wọn?"

Ó gbọ́ ikọ́ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbọ́ tí kẹ́ẹ̀gì ṣubú.

Rọra, ẹni tí kì í sáré, sáré. Ó yí igun ilé, òórùn náà gbá a lójú bí ìgbátí. Ó tún gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ síwájú. Lójijì, kò gbọ́ òórùn kankan mọ́, bí ìgbà tí wọ́n pa rédíò.

Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó yí padà, ó sá sẹ́yìn lọ síbi tí atẹ́gùn wà, omijé ń dà lójú rẹ̀ gbàràgbàrà. Láti ibẹ̀, ó rí ìyàwó rẹ̀ láàárín ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúróòmù, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti bọ́. Kò mira.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ fara ti ògiri wọn, ti gbọ́ ìró kẹ́ẹ̀gì tó ṣubú, ó sì sáré dé. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé àbúrò mi ni mò ń wò nílẹ̀ yẹn?"

"Òun ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ dúró. Ẹ má wọlé."

"Kí n má wọlé kẹ̀?" Ó fa imú. "Òórùn tó ń rùn lẹ́ẹ̀kan ti lọ."

"Kò lọ. Imú wa ni kò gbọ́ ọ mọ́."

"Yàgò lọ́nà fún mi."

Rọra kò yàgò. Ó fò mọ́ ọn níbàdí, ó fi apá méjèèjì dì í. Wẹ́dà ń wọ́ ọ lọ bí ẹni wọ́ àpò ẹ̀wà. Ó fi ìgúnpá gbá a lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ bẹ́.

"Ojo ni ẹ́. Látọjọ́ tí o ti wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wa ni mo ti sọ ọ́. Ìyàwó ẹ ń kú lọ, o wá lẹ̀ mọ́ mi bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú."

"Ẹ pè mí ní ojo. Tí ẹ bá wọlé, ẹ máa ṣubú lé e lórí. Mo lè fa òun nìkan. Ẹ̀yin... mi ò lè fà yín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo bí ẹ ṣe tó."

Wẹ́dà dúró. Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ló dá a dúró, bóyá ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lágbọ̀n àna rẹ̀ ni.

Rọra wo okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Àwọn aṣọ náà ń fẹ́ lọ sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Atẹ́gùn wà lẹ́yìn wọn. "Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ lọ sẹ́yìn. Ẹ fi òòlù yẹn fọ́ fèrèsé. Ẹ má yọjú sí i o. Bó bá ti fọ́, ẹ sá kúrò níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ máa gbà jáde. Ẹ sáré."

Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Wẹ́dà sáré.

Irin gígùn kan wà lára ògiri níta, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀. Òun ni wọ́n fi ń fa dúróòmù kúrò ní kọ̀rọ̀. Rọra mú un. Ó gbọ́ tí gíláàsì fọ́ lẹ́yìn. Ó gbé ojú sókè, ó fa èémí kún inú, ó pa ẹnu dé, ó sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó na irin náà títí apá rẹ̀ fi fẹ́ yẹ̀. Ó fi kọ́ okùn épúrọ́ọ̀nù tó so mọ́ ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀. Ó fà. Ó wá díẹ̀. Ó tún fà, okùn náà já.

Èémí ti tán nínú rẹ̀. Ó sá padà lọ sídìí okùn aṣọ, ó mí, ó húkọ́, ó tún mí, ó tún padà.

Lọ́tẹ̀ yìí, abẹ́ abíyá nìkan ló kù tí irin lè kọ́, ó sì jìn ju ibi okùn lọ; irin kò tó o dáadáa, àfi bí ó bá tẹ̀ síwájú. Ìgbésẹ̀ kan péré ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti gbéra, ó ti ré kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó fojú inú rí ara rẹ̀ tó nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó rí wẹ́dà tó ń sáré bọ̀ wá lé àwọn méjèèjì lórí. Ó dá ẹsẹ̀ náà padà. Ó di ìdí irin mú ní ìpẹ̀kun rẹ̀, pẹ̀lú ìka lásán, ó tì í bọ abẹ́ abíyá ìyàwó rẹ̀, ó yí i, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ fà á.

Ó wá. Sìmẹ́ńtì ń bó o lápá bó ṣe ń bọ̀, Rọra kò dúró. Ó fà á kọjá ẹnu ọ̀nà, ó fà á kọjá àwọn kẹ́ẹ̀gì, títí dé abẹ́ àwọn aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Níbẹ̀ ni wẹ́dà ti bá wọn, tó gbé àbúrò rẹ̀ lé èjìká. Obìnrin náà ń mí. Èémí rẹ̀ ń dún bí ayùn lára pákó tútù, ṣùgbọ́n ó ń mí.

Nígbà tí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó ti lajú lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, rọ́bà atẹ́gùn wà nímú rẹ̀, báńdéèjì wà lápá kan. Ọkọ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lápá òsì.

Wẹ́dà ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ọkọ ẹ ò wọlé o. Ìta ló dúró sí tó ń fi irin wọ́ ẹ bí ẹni ń wọ́ igi ìdáná. Èmi fẹ́ wọlé, ó dì mí mú." Ó fọwọ́ nu ojú. "Dókítà ní bí mo bá wọlé ni, àwa méjèèjì ni wọn ì bá máa gbé jáde. Mi ò mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí mọ́."

Obìnrin náà yíjú sí Rọra. Ohùn rẹ̀ ti ha. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ká ní irin yẹn ò mú mi ńkọ́? Ṣé ò bá wọlé?"

Irọ́ tó dùn wà lẹ́nu Rọra, kò rí i sọ. "Mo gbé ẹsẹ̀ kan," ó ní. "Mo... mo dá a padà."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ọ̀tún."

Ẹ̀rín fẹ́ pa obìnrin náà, ikọ́ gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí ikọ́ náà lọ, ó tún yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Inú ń bí mi sí ẹ," ó ní. "Mo mọ̀ pé kò yẹ kó bí mi. Ó ṣáà ń bí mi ni."

"Jẹ́ kó bí ẹ."

"Má tíì máa lọ sílé."

"Mi ò lọ síbì kankan."

Wẹ́dà dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo àwọn ọmọ. Bó ṣe ń kọjá lẹ́yìn Rọra, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Obìnrin náà na apá tí kò bó sí ọkọ rẹ̀. Rọra gbà á. Ó yọjú wo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó sùn lé, ìyàwó rẹ̀ sì rí i, ṣùgbọ́n kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.